Mo Gbé Òkè Wa Dé Niu Yọ́ọ̀kì

Láti ìgbà tí mo ti padà dé, ìbéèrè kan náà ni ẹ ń bi mí: kí ni mo rí ní Niu Yọ́ọ̀kì? Bí mo bá ní òkè ni mo rí, àti odò, àti igbó, àti ìkùukùu tí òjò wà nínú rẹ̀, ẹ ó ní ogbó ti ń dé sí mi. Ṣùgbọ́n òótọ́ ni. Ara ògiri ni gbogbo wọn wà. Nítorí wọn ni mo ṣe ta ko obìnrin tó fẹ́ ṣe mí lóore, nítorí wọn ni ọmọ àbúrò mi kò fi bá mi sọ̀rọ̀ fún odindi ọjọ́ mẹ́ta. Bí mo bá sì tún padà lọ lónìí, ohun tí mo ṣe náà ni n ó tún ṣe.

Fún ẹni tí kò mọ̀ mí, tíṣà iṣẹ́-ọnà ni mí ní Àkúrẹ́ títí mo fi fẹ̀yìn tì. Láti ìgbà ọmọge mi ni mo ti ń ya àwòrán ilẹ̀: òkè Ìdànrè, ọ̀nà oko, pápá tí iná ṣẹ̀ṣẹ̀ jó, ojú ọjọ́ tó ń ṣú bọ̀. N kì í ya ènìyàn sí i. Kì í ṣe pé n kò mọ̀ ọ́n yà. Òkè ni ó ń pè mí.

Laurelton

Ìparí oṣù kẹsàn-án ni mo dé. Mo ká àwòrán mẹ́fà sínú páìpù rọ́bà kan, mo gbé e lọ́wọ́ bí ọmọ tuntun. Òṣìṣẹ́ pápákọ̀ òfuurufú bi mí pé kí ló wà nínú rẹ̀. Mo ní òkè ni. Kò rẹ́rìn-ín.

Ọ̀dọ̀ Bọ́lá ni mo dé sí, àbúrò mi tí a jọ mu ọmú kan náà. Iṣẹ́ títọ́jú àwọn arúgbó nínú ilé wọn ni ó ń ṣe láti ìgbà tó ti débẹ̀, ilé tirẹ̀ sì wà ní Laurelton, ní Queens. Ẹ gbàgbé ilé gogoro tí ẹ ń rí nínú tẹlifíṣọ̀n. Ilé bíríkì kéékèèké ni ti àdúgbò yẹn, koríko wà níwájú ọ̀kọ̀ọ̀kan, ènìyàn dúdú bíi tiwa ló sì ni èyí tó pọ̀ jù nínú wọn. Ìyá ará Jàmáíkà tó wà ní òdìkejì títì ti gbé mítì-páì wá kí mi kí n tó tú ẹrù tán. Ata inú rẹ̀ ju tiwa lọ. Ó pè mí ní “Mother”, ó sì dúró títí mo fi jẹ ẹyọ kan níṣojú rẹ̀, bí ẹni pé ó fẹ́ fọwọ́ sí ìwé pé mo ti jẹ ẹ́.

Mo rò pé gbogbo ìlú náà ló rí bẹ́ẹ̀. Ìgbà àkọ́kọ́ tí mo wọ ọkọ̀ ojú irin abẹ́ ilẹ̀, mo kí gbogbo àwọn tó jókòó pé ẹ káàárọ̀. Obìnrin kan dìde lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi, ó lọ jókòó síbòmíràn.

Ọjọ́ kejì tí mo dé, mo jáde sí iwájú ilé, mo rí igi kan tí gbogbo ewé rẹ̀ pọ́n bí epo. Mo sáré wọlé.

“Bọ́lá, kí ló ń ṣe igi yìí? Ṣé wọ́n da kẹ́míkà sí i nídìí ni?”

Bọ́lá rẹ́rìn-ín títí ó fi di ẹ̀gbẹ́ mú. “Ẹ̀gbọ́n mi, otútù ló ń bọ̀. Bí wọ́n ṣe máa ń ṣe nìyẹn.”

Mo gbé àga jáde, mo jókòó ti igi náà títí oúnjẹ fi délẹ̀. Ẹ̀bà Bọ́lá kò yàtọ̀ sí ti ilé. Ẹ̀fọ́ rẹ̀ ni ó ti inú yìnyín wá, ó sì dúdú ju bó ṣe yẹ lọ. Mo jẹ ẹ́. Àbúrò mi ló sè é.

Ìbéèrè onígálárì

Mojísọ́lá, ọmọ Bọ́lá, ni ó ní kí n kó àwòrán mi wá. Ibẹ̀ ni wọ́n bí i sí, ibẹ̀ ló ti ka ìwé rẹ̀ jáde, gálárì kan ní Brooklyn ló sì ti ń ṣiṣẹ́. Ọ̀gá rẹ̀ ń múra láti pàtẹ iṣẹ́ àwọn ayàwòrán láti Áfíríkà. Mojí ti sọ fún un pé òun ní ìyá kan nílé tí ọwọ́ rẹ̀ kò láfiwé.

Òyìnbó obìnrin ni ọ̀gá náà, irun rẹ̀ funfun, ohùn rẹ̀ tutù. Ó tẹ́ àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sórí tábìlì gígùn kan. Ó wò wọ́n dáadáa, n kò lè purọ́ mọ́ ọn. Ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo bí mo ṣe fi ọ̀dà sí ara òkúta.

“Ọwọ́ yín dára gan-an,” ó ní. “Ṣùgbọ́n Áfíríkà ńkọ́? Níbo ló wà nínú èyí?”

Mo fi ìka tọ́ òkè. “Òun nìyẹn.”

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́, irú ẹ̀rín tí èmi náà máa ń rín sí ọmọ kíláàsì kìíní. Ó ní ohun Yúróòpù ni kí ènìyàn máa ya ilẹ̀ lásán. Àwọn ló dá a sílẹ̀, àwọn ló fi ọ̀pọ̀lọpọ̀ ọdún tún un ṣe. Bí òun bá gbé èyí kọ́, àwọn tó ń wá sí gálárì òun yóò ní ńṣe ni mo ń sín òyìnbó jẹ. Ó ní kí n fi nǹkan kan kún un tí yóò sọ ibi tí mo ti wá: àwọn obìnrin tó ru ẹrù, ahéré, bóyá eégún tàbí ìbòjú onígi. Ó fún mi ní ọ̀sẹ̀ mẹ́ta.

Bí a ṣe jáde sí títì, Mojí di ọwọ́ mi mú. “Mọ́mì Àkúrẹ́, ẹ jọ̀ọ́. Ènìyàn kan péré. Kékeré. Mo ti fi orúkọ mi dúró fún yín níbẹ̀.”

Ohun tó wọ̀ mí lára nìyẹn, pé ó ti fi orúkọ rẹ̀ dúró. Nígbà tí mo délé, mo mú èyí tó kéré jù nínú àwọn àwòrán náà, mo ya obìnrin kan tó ru ìkòkò omi sí ẹsẹ̀ òkè. Iṣẹ́jú mélòó kan ni ó gbà mí. Ó dára, ẹ jẹ́ kí n sọ òótọ́. Bí mo bá fi ránṣẹ́ sí yín, ẹ ó yìn ín.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kejì, mo tún wò ó. Obìnrin náà kò ní ibi tó ń lọ. Kò sí odò ní apá ibẹ̀. Mo mọ ibẹ̀ bí ẹni mọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀; kò sí ẹni tó ń gba ibẹ̀ pọnmi. Mo ti purọ́ mọ́ òkè.

Mo mú ọ̀bẹ tí Bọ́lá fi ń pa bọ́tà sí búrẹ́dì, mo bẹ̀rẹ̀ sí í ha á kúrò. Bọ́lá dúró lẹ́nu ọ̀nà kíṣìnì, aṣọ iṣẹ́ ṣì wà lára rẹ̀.

“Ẹ̀gbọ́n mi, kí ni yóò ṣe yín bí ẹ bá fi í sílẹ̀?”

“Tí mo bá padà délé, ojú á máa tì mí níwájú òkè yẹn.”

“Òkè ò ní ojú.”

“Èmi ní ojú.”

Ó wọlé lọ sùn. Iṣẹ́ òru ló ti dé.

Ọkùnrin tó dúró ní igun

Mo ní kí Mojí mú mi lọ sí mùsíọ́ọ̀mù, níbi tí wọ́n kó àwòrán ilẹ̀ àwọn òyìnbó sí. Bí wọ́n bá ní mo jalè, ó yẹ kí n rí ẹni tí mo jí nǹkan rẹ̀. Ó fi mí sílẹ̀ lẹ́nu ọ̀nà, ó kọjá sí ibi iṣẹ́. Inú rẹ̀ dùn díẹ̀. Ó rò pé bí mo bá rí ti àwọn tó ni í, n ó rọ̀.

Ẹ̀yin ará, ilé yẹn tóbi. Mo rìn títí mo fi dé iwájú àwòrán kan: ilẹ̀ pẹrẹsẹ, màlúù mẹ́ta, àti òfuurufú tó gba ìdá méjì nínú mẹ́ta kánfáàsì náà. Mo na ọrùn kí n lè wo bí ẹni náà ṣe po funfun mọ́ eérú nínú ìkùukùu. Sìkiọ́rítì kan sọ lẹ́yìn mi lédè Gẹ̀ẹ́sì pé kí n jọ̀wọ́ sún sẹ́yìn.

“Ta ló fẹ́ jẹ ẹ́ ni?” Mo kùn ún sínú, ní Yorùbá.

“Mo mọ̀ pé ẹ ò ní jẹ ẹ́, Màmá. Ẹ̀rọ ló máa ké.”

Mo yíjú. Ọkùnrin gíga kan ni, irun rẹ̀ ti funfun, kóòtù rẹ̀ búlúù. Bàbá Adéoyè ni orúkọ rẹ̀, ọmọ Ìṣẹ́yìn, Park Hill ní Staten Island ló ń gbé. Kó tó kúrò nílé, ọ̀dọ̀ àwọn awọnlẹ̀ ló ti ń ṣiṣẹ́. Òun ló máa ń fa ẹ̀wọ̀n tí wọ́n fi ń wọn ilẹ̀ gba inú igbó kọjá. Ó ti lé ní ọdún mẹ́wàá tó ti ń dúró nínú àwọn yàrá wọ̀nyí. Nígbà tí mo sọ ohun tó gbé mi wá fún un, ó wo aago ọwọ́ rẹ̀.

“Àkókò ìsinmi mi ti tó. Ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀ láti ìdí rẹ̀.”

Ó mú mi lọ sí yàrá kan tó dákẹ́ bí ilé ìjọsìn. Màríà àti ọmọ rẹ̀ ló wà lára gbogbo ògiri. “Ẹ wo òfuurufú wọn,” ó ní. Wúrà ni. Kò sí ìkùukùu, kò sí ẹyẹ. Lẹ́yìn náà ó fi òmíràn hàn mí, Màríà tó jókòó níwájú fèrèsé, mo sì rí ọ̀nà tóóró kan láti ojú fèrèsé náà, odò kan, àti òkè kan tí kò ju èékánná lọ.

“Ilẹ̀ ti dé báyìí,” ó ní, “ṣùgbọ́n ẹ̀yìn orí ẹni mímọ́ ló fara pamọ́ sí.”

Bí a ṣe ń lọ láti yàrá dé yàrá ni àwọn ẹni mímọ́ ń kéré sí i. Nínú ọ̀kan, bàbá kan tó ń gbàdúrà kò ju eèrà lọ lábẹ́ òkúta ńláńlá aláwọ̀ búlúù. Bàbá Adéoyè ní òkúta ni ẹni yẹn fẹ́ yà. Ó kàn fi ẹni mímọ́ sí i kí wọ́n má baà bá a wí ni. Ìgbà náà la tún padà dé ọ̀dọ̀ àwọn ará Họ́láńdì, ibi màlúù mẹ́ta. Ẹni mímọ́ ti lọ. Ọba ti lọ. Àwọn ènìyàn tó fi ọwọ́ ara wọn fa omi kúrò lórí ilẹ̀ ló fẹ́ máa wo ilẹ̀ náà nínú pálọ̀ wọn, wọn kò sì tọrọ gáfárà lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni.

Mo ti ń rẹ́rìn-ín nígbà náà. Ṣùgbọ́n yàrá tó tẹ̀ lé e ló mú mi dúró. Igi lọ́tùn-ún, igi lósì, oòrùn láàárín, tẹ́ḿpìlì tó ti wó, àti òrìṣà Gíríìkì kan tó jókòó sí kọ̀rọ̀ bí ẹni tó sọnù.

“Mo ti fa ẹ̀wọ̀n kiri,” Bàbá Adéoyè wí, “n kò rí ilẹ̀ tó tò bẹ́ẹ̀ rí. Ẹ mọ ìdí tí òrìṣà yẹn fi wà níbẹ̀? Àwọn ọ̀gá ilé-ẹ̀kọ́ ayàwòrán wọn ní Paris to àwòrán bí ẹni to ìjòyè. Ìtàn ogun àti ti òrìṣà ló wà lókè. Ilẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ wà nísàlẹ̀ pátápátá. Ẹran àti èso ló kù lẹ́yìn rẹ̀. Bí o bá fẹ́ kí wọ́n bọ̀wọ̀ fún ilẹ̀ tí o yà, àfi kí o fi òrìṣà kan sí i.”

“Ẹ̀gbọ́n, ẹ tún un sọ.”

Ó tún un sọ. Mo jókòó sórí àga gígùn tó wà láàárín yàrá. Ohun tí wọ́n sọ fún mi ní Brooklyn gan-an ni, wọ́n kàn pààrọ̀ òrìṣà Gíríìkì sí ìbòjú.

A kò parí rẹ̀ lọ́jọ́ náà. Mo padà lọ lẹ́ẹ̀mẹ́ta. Ó fi ilẹ̀ àwọn ọlọ́lá Gẹ̀ẹ́sì hàn mí, pápá tó mọ́ tónítóní tí kò sí ọkọ́ tàbí alágbàṣe kan nínú rẹ̀. “Ta ló ro ó?” ó bi mí. “Wọn ò yà á.” Ó fi àwọn tó ń jáde lọ wo ìkùukùu lójoojúmọ́ hàn mí. Ó mú mi gba yàrá ilẹ̀ Amẹ́ríkà kọjá, àfonífojì ńláńlá tí wọ́n yà bí ẹni pé ẹnikẹ́ni kò gbé ibẹ̀ rí, ó sì mi orí. Níkẹyìn a dé ibi tí èrò pọ̀ sí jù, ọ̀dọ̀ àwọn ará Faransé tó gbé ọ̀dà inú tíúbù onípáànù, bíi ti ọṣẹ ìfọyín, jáde lọ sí etí odò. Àwọn ènìyàn ìgbà yẹn fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́. Wọ́n ní iṣẹ́ wọn kò tíì parí. Fóònù tí èrò nà sókè lọ́jọ́ tí a débẹ̀ kò jẹ́ kí n rí omi inú àwòrán náà.

“Òní ni wọ́n ń pè é ní ti Yúróòpù,” Bàbá Adéoyè wí. “Nígbà náà, Yúróòpù fúnra rẹ̀ kò fẹ́ ẹ.”

“Wọ́n ní àwa kò wo ilẹ̀ rí.”

Ó bú sẹ́rìn-ín, sìkiọ́rítì kejì sì wò wá. “Màmá, nígbà tí a ń wọn ilẹ̀ ní apá ọ̀dọ̀ yín, kò sí àpáta kan tí kò ní orúkọ. Eléyìí ni ibi tí ẹkùn sùn sí, tọ̀hún ni èyí tó gbé ìyàwó. Ọ̀gá wa a máa bínú. Á ní orúkọ ti pọ̀ jù, ìwé ò gbà á mọ́. Ẹni tí kò bá wo nǹkan, báwo ló ṣe máa sọ ọ́ lórúkọ?”

Ìdáhùn mi

Nígbà tí ọ̀sẹ̀ mẹ́ta pé, mo kó àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà padà sí gálárì. Obìnrin náà tẹ́ wọn, ó wò wọ́n lọ́kọ̀ọ̀kan.

“Ẹ kò fi nǹkan kan kún un.”

“Mo fi kún ọ̀kan. Mo ti ha á kúrò. Irọ́ ni.”

Ó mí kanlẹ̀. Ó ní kí n jẹ́ kí ọ̀rọ̀ òun yé mi, pé òun mọ àwọn tó ń wá síbẹ̀ àti ohun tí wọ́n ń retí. Mojí dúró sẹ́yìn rẹ̀, ó ń fi ojú bẹ̀ mí. Ṣùgbọ́n tíṣà ni mí. Mo sọ̀rọ̀ bí ẹni pé mo dúró níwájú pátákó.

“Nígbà tí àwọn baba ńlá yín fẹ́ ya ilẹ̀, wọ́n ní kí wọ́n fi ẹni mímọ́ sí i. Lẹ́yìn náà, wọ́n ní kí wọ́n fi òrìṣà sí i. Àwọn tó kọ̀ ni ẹ gbé kọ́ sínú férémù wúrà lónìí, tí ẹ sì ń fi sìkiọ́rítì ṣọ́. Ẹ ò bi wọ́n pé níbo ni Yúróòpù wà nínú màlúù mẹ́ta. Èmi náà kọ̀. Òkè tí mo yà, òkè ni. Áfíríkà ni, bí ó bá wù yín, bí kò bá sì wù yín.”

“Nígbà náà, n kò lè gbé e kọ́,” ó wí, kò sì fi ìbínú sọ ọ́.

“Mo mọ̀, mà.”

Èmi nìkan ni mo ká wọn padà sínú páìpù. Mojí kò ràn mí lọ́wọ́.

Ọjọ́ mẹ́ta ló fi ń gba ẹ̀gbẹ́ mi kọjá nínú ilé. Á kúnlẹ̀ kí mi, nítorí ìyá rẹ̀, á sì kọjá. N kò bẹ̀ ẹ́. Ó dùn mí, mo sunkún lórí ìrọ̀rí ní ọ̀sán ọjọ́ kejì, ṣùgbọ́n n kò bẹ̀ ẹ́. Ní àárọ̀ ọjọ́ kẹrin, ó wá jókòó ní ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì mi.

“Mọ́mì Àkúrẹ́, ẹ̀yin kọ́ ni mo ń bínú sí. Ọdún méjì ni mo ti wà níbẹ̀. Gbogbo ẹni tó bá wá láti ọ̀dọ̀ wa ni wọ́n máa ń sọ bẹ́ẹ̀ fún, èmi ni mo sì máa ń bá wọn bẹ àwọn ènìyàn náà.” Ó nu imú. “N kò mọ̀ pé ènìyàn lè sọ pé rárá.”

Ó ṣì ń ṣiṣẹ́ níbẹ̀. Mo sọ èyí kí ẹ má baà rò pé ìtàn àròsọ ni mo ń sọ.

Park Hill

Bàbá Adéoyè ló ní òun kò ní gbà kí òkè náà padà sílé láìjẹ́ pé ẹnikẹ́ni rí i. Nínú ilé gogoro bíríkì tó ń gbé ní Park Hill, yàrá kan wà nísàlẹ̀ tí àwọn tó ń gbé ibẹ̀ ti máa ń ṣèpàdé. Ọ̀sán ọjọ́ Sátidé ni a gbé àwòrán mẹ́fẹ̀ẹ̀fà kọ́ síbẹ̀ pẹ̀lú okùn àti péègì tí a fi ń sá aṣọ. Mojí ló tò wọ́n. Ó mọ bí a ti ń to àwòrán jù mí lọ. Àwọn ará Láíbéríà pọ̀ níbẹ̀, àwọn ará Gánà wá, àwọn tiwa náà wá. Wọ́n gbé ìrẹsì wá pẹ̀lú ọbẹ̀ ewé gbágùúdá. Bẹ́ẹ̀ ni, ewé gbágùúdá tí àwa ń fún ewúrẹ́ jẹ. Mo jẹ abọ́ méjì.

Ìyá ará Láíbéríà kan wo èyí tó tóbi jù, ó ní òkè ẹ̀yìn abúlé òun ni. Bàbá ará Gánà kan ní rárá, òun mọ òkè yẹn, ọ̀nà Kumasi ló wà. Wọ́n fà á títí ohùn wọn fi lọ sókè. Bàbá Adéoyè kò dá sí i. Ó rìn sún mọ́ àwòrán náà, ó sún sẹ́yìn, ó tẹ orí sí òsì.

“Ojú ọ̀nà tó wọ ìlú Ìdànrè lẹ dúró sí,” ó ní. “Òkúta kan wà lọ́wọ́ ọ̀tún yín tí ẹ ò yà.”

Lóòótọ́ ni. Orí òkúta yẹn ni mo gbé ọ̀dà mi lé.

Ó ku ọjọ́ mẹ́rin kí n padà sílé nígbà tí mo tún lọ sí Park Hill, èmi nìkan, pẹ̀lú kánfáàsì tuntun. Mo dúró sí ẹ̀gbẹ́ títì, afẹ́fẹ́ òkun ń gbá mi létí, Bọ́lá sì ti fi kóòtù méjì dì mí bí ọ̀lẹ̀lẹ̀. Mo ń ya àwọn ilé bíríkì náà àti òfuurufú tó wà lórí wọn. Ọkùnrin kan tó wọ táì jáde láti ọ́fíìsì àwọn tó ń bójú tó ilé náà. Ó wá dúró níwájú mi gan-an, ó bi mí pé ta ló rán mi, ilé-iṣẹ́ wo.

“Ojú mi ló rán mi,” mo ní.

Ó yíjú wo àwọn ilé náà, ó tún wò mí. “Màmá, kò sí nǹkan kan níbí tó yẹ kí ènìyàn yà.”

Mo ti po àwọ̀ eérú mọ́ funfun tán, ìkùukùu náà kò sì ní dúró dè mí.

“Ọ̀gá, ẹ jọ̀ọ́, ẹ sún díẹ̀,” mo ní. “Ẹ dí òfuurufú mi.”

Ó sún.